ÌRÓ ỌKỌ̀ NÍNÚ FÍÌMÙ KÚKÚRÚ: ÌBÀDÀN GẸ́GẸ́ BÍ ÀPẸẸRẸ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Òwe yìí fi ojú ṣíwájú etí, ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ṣe fíìmù ní èdè Yorùbá ni ó sì ń ṣiṣẹ́ bí ẹni tí ó gbà á gbọ́ láìkù síbì kan. Wọn a náwó sí aṣọ, wọn a náwó sí ilé àti sí ọkọ̀ tí ojú yóò rí. Ṣùgbọ́n bí ó bá kan ìró ọkọ̀ náà, èyíkéyìí tí ó bá sún mọ́ wọn ni wọn a fi dí àlàfo. Nínú fíìmù kúkúrú tí gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, àbùkù yìí kì í ṣe kékeré. Ìró ọkọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán. Iṣẹ́ tí ìfìrógbóyeyọ ń ṣe nínú ewì ni ó ń ṣe nínú fíìmù, ó sì yẹ kí á fi ojú kan náà wò ó.

Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ yìí ṣáájú àwọn onífíìmù. Orúkọ tí ó sọ ọkọ̀ kékeré ni ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ìyẹn ni ọkọ̀ tí ń yọ́ rìn kẹ́lẹ́. Orúkọ náà dà bí àfiwé tí a kò sọ parí, nítorí pé ohun tí a bá sọ pé ó ń yọ́ rìn, a ti fi wé òmíràn tí ń pariwo. Alùpùpù ni òdìkejì rẹ̀. Ìró pù-pù-pù ni a mú, tí a so ọ̀rọ̀-ìṣe 'lù' àti àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ 'a-' mọ́ ọn, tí ó fi di orúkọ. Ní ti ọkọ̀ ojú irin àtijọ́, fàkà-fìkì ni ìró rẹ̀ lẹ́nu àwọn ọmọdé: fáwẹ̀lì 'a' ní apá kìíní, fáwẹ̀lì 'i' ní apá kejì, bí irin tí ń lọ tí ó sì ń bọ̀. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó jọ èkejì. Etí tí ó dá àwọn ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ kò gbọ́ 'ọkọ̀' lápapọ̀. Ọkọ̀ kan pàtó ni ó gbọ́.

Ìbéèrè mẹ́ta ni a lè fi díwọ̀n ìró ọkọ̀ nínú fíìmù. Àkọ́kọ́ ni pé: ọkọ̀ wo ni, ní ìgbà wo? Ọdún 1901 ni ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn. Ọkọ̀ tí ń fi ooru omi gbígbóná rìn ni ó ní fàkà-fìkì. Ọkọ̀ tí ó ń ná ojú irin tuntun tí wọ́n ṣí ní ọdún 2021, tí ó parí sí Mọ́níyà, dísù ni ó ń lò. Kíkùn ni ó ń kùn láìdáwọ́ dúró. Ẹni tí ó bá fi fàkà-fìkì sí abẹ́ àwòrán èyí ti purọ́ fún etí. Bẹ́ẹ̀ náà ni Volkswagen olókè roboto tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní ìjàpá: ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, atẹ́gùn ni ó sì ń tù ú, kì í ṣe omi. Ìró rẹ̀ kò lè jọ ti Nissan Micra tí ó gba ojú pópó Ìbàdàn kan lóde òní. Bọ́lẹ̀kájà tún yàtọ̀, nítorí pé pákó ni ara rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ń bú níwájú, pákó ń han lẹ́yìn.

Ìwé Ó Le Kú tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ jáde ní ọdún 1974. Ọdún 1997 ni Túndé Kèlání gbé e jáde bí fíìmù. Aṣọ ìgbà àtijọ́ tí àwọn òṣèré wọ̀ nínú fíìmù náà gbajúmọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn obìnrin tún bẹ̀rẹ̀ sí í rán an, tí wọ́n sì fi orúkọ ìtàn náà pè é. Èyí fi hàn pé àwọn òǹwòran ń kíyè sí òtítọ́ ìgbà. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe fíìmù nípa Ìbàdàn ìgbà náà lónìí yóò wá aṣọ tí ó bá a mu. Ìró ọkọ̀ tí ó bá a mu tọ́ sí irú wàhálà bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè kejì ni pé: níbo? Ní Dùgbẹ̀, níbi tí Ilé Kòkó alájà 26 ti dúró láti ọdún 1965 láàrin àwọn ilé gíga mìíràn, ògiri a máa dá ìró fèrè ọkọ̀ padà. Ní òpópó Ring Road tí ó fẹ̀, ìró a máa wá láti òkèèrè, a sì kọjá. Ní Agbowó, tí ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Ìbàdàn, igbe àwọn tí ń pe èrò àti ariwo jẹnẹrétọ̀ a máa bo ẹ́ńjìnnì mọ́lẹ̀. Ọ̀nà inú Bódìjà Estate dákẹ́ ní òru, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ akẹ́rù tí ó ru pákó kì í dákẹ́ ní ọjà Bódìjà tí kò jìnnà sí i. Ìró kan ṣoṣo kò lè bá gbogbo ibi wọ̀nyí mu.

Ìrìn ọkọ̀ náà ń yí ìró rẹ̀ padà. Ní ọdún 1842 ni Christian Doppler ṣàlàyé pé ìró ohun tí ń bọ̀ wá bá ènìyàn a máa ga, a sì rẹlẹ̀ bí ohun náà bá ti kọjá. Ní ọdún 1845, Buys Ballot dán an wò ní ilẹ̀ Netherlands: ó fi àwọn afọnfèrè sí orí ọkọ̀ ojú irin, àwọn olórin sì dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà láti gbọ́ ìyàtọ̀ ohùn. Bí ọkọ̀ bá ń sáré 60 kìlómítà ní wákàtí kan, fèrè rẹ̀ yóò fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá kọjá. Etí tí ó mọ ọkọ yàtọ̀ sí ọkọ́, tí ó tún mọ ọkọ́ yàtọ̀ sí ọkọ̀, yóò fura bí fèrè ọkọ̀ tí ó kọjá bá dúró sórí ohùn kan náà.

Ní ti ọgbọ́n iṣẹ́ náà, láti nǹkan bí ọdún 1929 ni Jack Foley ti ń wo àwòrán ní Hollywood tí ó sì ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ dá ìró rẹ̀ bí ó ti ń lọ. Ìró ọkọ̀ tí ó kún kì í ti ibì kan wá. A ó gba ti inú ọkọ̀, ti abẹ́ bónẹ́ẹ̀tì, àti ti ẹnu ibi tí èéfín ń gbà jáde. A ó gba ìgbà tí wọ́n ṣáná sí i, ìgbà tí ó ń kùn lójú kan, ìgbà tí wọ́n yí jíà, ìgbà tí wọ́n tẹ bíréèkì, àti ìgbà tí ilẹ̀kùn pa dé. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni ó dára láti ṣe é, kí ọjà tó kún. Táyà lórí òkúta wẹ́wẹ́ kò tilẹ̀ nílò ọkọ̀: òkúta wẹ́wẹ́ nínú àpò tí a ń fi ọwọ́ tẹ̀ lè ṣe é. Lẹ́yìn náà ni a ó pa wọ́n pọ̀.

Ìbéèrè kẹta ni ó ṣòro jù: etí ta ni ó ń gbọ́ ìró náà? Kí á wo ìyá kan ní Bódìjà tí ń dúró de ọmọ rẹ̀ ní òru. Kámẹ́rà kò kúrò ní ojú rẹ̀. Ọkọ̀ kan bọ̀ láti òkèèrè, ó kọjá. Òmíràn sún mọ́ ilé, ó dẹ eré, ó tún kọjá. Ẹ̀kẹta dúró, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ń kùn síbẹ̀; ilẹ̀kùn méjì ni ó ṣí. Ìyá dìde, ó di ògiri mú. Ó mọ ìró ọkọ̀ ọmọ rẹ̀ bí ó ṣe mọ ikọ́ rẹ̀, èyí kì í sì í ṣe òun. Ọmọ náà dá jáde ni, ènìyàn méjì ni ó sì ń bọ̀. Kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀, gbogbo ìtàn sì ti yé òǹwòran. Ṣùgbọ́n bí olùdarí eré bá lo ìró kan náà fún ọkọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, dídìde ìyá náà kò ní ìdí mọ́, ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ yóò sì di àṣejù.

Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tí ń ṣe àtúpalẹ̀ fíìmù kò gbọdọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé 'a gbọ́ ìró ọkọ̀' kí ó sì kọjá lọ. Kí ó sọ irú ọkọ̀ náà àti ìgbà rẹ̀, ibi tí ó ti dún, ẹni tí ó gbọ́ ọ àti ohun tí ó yí padà nínú ẹni náà. Àwọn olùkọ́ náà ní iṣẹ́ tí kò ṣeé sún síwájú. Ìró tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ ní ilẹ̀ òkèèrè pọ̀, ó sì rọrùn láti rí, ṣùgbọ́n kò sí bọ́lẹ̀kájà nínú rẹ̀. Àwọn tí etí wọn ṣì lè dá a mọ̀ ti di àgbà, àwọn ọkọ̀ náà fúnra wọn sì ń tán lọ. Fóònù tí ó wà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó láti fi gba ìró èyí tí ó bá ṣẹ́ kù, kí àgbà kan sì jókòó tì í láti sọ bóyá bí ó ṣe ń dún nìyẹn.