Àtòjọ Ìwé Ìtàn Ìsìláàmù àti Ọ̀ràn Èkó

Ní ọdún 1995 ni John Hunwick àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ gbé apá kejì Arabic Literature of Africa jáde. Àtòjọ àwọn òǹkọ̀wé àti iṣẹ́ wọn ní èdè Lárúbáwá ni. Iṣẹ́ takuntakun ni, ó sì ṣe ohun tí ó ṣèlérí. Àwa olùwádìí tí a fẹ́ fi í ṣe òdiwọ̀n gbogbo ìtàn Ìsìláàmù ilẹ̀ yìí ni ọ̀rọ̀ kàn.

Ẹ jẹ́ kí á fi Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní Erékùṣù Èkó ṣe àpẹẹrẹ. Nígbà tí wọ́n ṣí i ní oṣù Keje, 1894, Gómìnà Carter wà níbẹ̀; Abdullah Quilliam láti Liverpool ni ó ṣojú Sultan Abdul Hamid Kejì, ẹni tí ó fi Mohammed Shitta jẹ oyè Bey. Oníṣòwò ni Shitta, kì í ṣe òǹkọ̀wé. Ẹni tí ó bá wá a láàrin àwọn òǹkọ̀wé èdè Lárúbáwá yóò wá a tì, bẹ́ẹ̀ ìtàn rẹ̀ kan Èkó, Liverpool àti Istanbul.

Ní èrò tiwa, àtòjọ tí yóò wúlò fún Èkó, ìbáà ṣe nínú ìwé tàbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, gbọ́dọ̀ to ẹ̀rí ní ìlànà ibi àti ìṣẹ̀lẹ̀ pẹ̀lú, ní èdè yòówù tí a fi kọ ọ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a ó ka àìsí ìwé sí àìsí ìtàn.