Sinimá Tí Í Dá Ọpọlọ Láàmú

Ẹni tó bá ti wo eégún eléwe lójú agbo ní Ìlá Ọ̀ràngún mọ̀ pé ohun tí ojú rí kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀. Bóyá ìdí nìyẹn tí sinimá tó ń rìn tààrà kì í fi í dùn mọ́ mi.

Araromire ni olórí àwọn tó ń dá ọpọlọ láàmú lójú mi, èyí tí Kunle Afolayan gbé jáde ní 2009. Ọ̀rẹ́ méjì tó jẹ́ àgùnbánirọ̀ bá ère òrìṣà kan pàdé lójúbọ àpatì nínú igbó. Ọdún méje ire ló bá wọn, ọdún méje ibi ló sì tẹ̀ lé e. Ṣé òrìṣà ló ń jà ni, àbí owú ọ̀rẹ́ lórí obìnrin? Sinimá náà kọ̀, kò sọ. Ìbéèrè ló fi parí: kí ni ìwọ gbà gbọ́?

Saworoidẹ (1999) ti Túndé Kèlání náà kò rìn tààrà: ọba tó bá dé adé láìbúra, ìró ìlù saworoidẹ ni yóò fọ́ ọ lórí pa. Mo mọyì Aiyé ti Ògúndé (1979) náà, àmọ́ ìyẹn kò fi iyèméjì kankan sílẹ̀: àjẹ́ ni àjẹ́, akọni ni akọni.

Ní ti àwòrán, dúdú àti funfun nìkan ni C.J. Obasi fi ṣe Mami Wata (2023), ní ilẹ̀ Benin. Òkùnkùn etí òkun ibẹ̀ ki débi pé funfun ojú àti owó ẹyọ orí irun ló ń kọ́kọ́ yọ sí wa.

Ẹ wá Araromire wò, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ìparí rẹ̀ fún yín.