Àkójọ-Ọ̀rọ̀ Ńlá àti Èdè Àwùjọ: Àyẹ̀wò láti Ìlàjẹ ní Bàrígà

Iṣẹ́ ìwádìí lórí èdè Yorùbá ti gba ọ̀nà mìíràn láti nǹkan bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Tẹ́lẹ̀ rí, onímọ̀ èdè a máa jókòó ti abẹ́nà-ìmọ̀ kan tàbí méjì, a máa béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wọn, a sì máa kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀. Lóde òní, kọ̀ǹpútà ti mú kí ó ṣeé ṣe láti kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún gbólóhùn jọ sójú kan, kí a sì ka iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ kan jẹ yọ nínú wọn. Irú àkójọ bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ń pè ní corpus. Àkójọ-ọ̀rọ̀ ni a ó máa pè é nínú iṣẹ́ yìí.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwa olùkọ́ àti olùyẹ̀wò gbọ̀ngbọ̀n. Bí àríyànjiyàn bá bẹ́ sílẹ̀ láàárín olùyẹ̀wò méjì níbi tí a ti ń máàkì ìwé ìdánwò, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú wọn ní kí a lọ wo iye ìgbà tí ìlò náà jẹ yọ nínú àkójọ-ọ̀rọ̀, kí èyí tí ó bá pọ̀ jù sì jẹ́ èyí tí ó tọ́. Ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn nìyí: ǹjẹ́ ohun tí ó pọ̀ jù nínú àkójọ-ọ̀rọ̀ ni àwùjọ ń sọ jù? Èrò tiwa ni pé kò rí bẹ́ẹ̀. Àkójọ-ọ̀rọ̀ a máa sọ fún wa nípa àwọn tí wọ́n kọ̀wé àti àwọn tí wọ́n ṣe àtúnṣe sí ìwé, kí ó tó sọ ohunkóhun nípa àwọn tí wọ́n ń sọ èdè. Kí ọ̀rọ̀ wa má baà dà bí àlá, a ó fi àdúgbò kan ṣe òdiwọ̀n. Àdúgbò náà ni Ìlàjẹ ní Bàrígà, ní agbègbè Ṣómólú ní Èkó.

1. Àdúgbò tí a fi ṣe òdiwọ̀n

Ìlàjẹ tí a ń wí yìí kì í ṣe ilẹ̀ Ìlàjẹ tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí Ìgbókòdá, Mahin àti Ùgbò wà. Etí ọ̀sà Èkó ni ó wà, orúkọ rẹ̀ sì ń tọ́ka sí àwọn apẹja tí wọ́n ti ilẹ̀ Ìlàjẹ wá tẹ̀dó síbẹ̀. Iṣẹ́ ẹja, iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi àti iṣẹ́ iyanrìn ni a mọ etí omi náà mọ́. Ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, ìyá àgbà lè máa sọ ẹ̀ka-èdè Ìlàjẹ, kí ọmọ rẹ̀ máa sọ Yorùbá Èkó, kí ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì máa fi Gẹ̀ẹ́sì ilé-ìwé àti Pijin ìgboro lú Yorùbá. Agbo ilé kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n èdè inú rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ.

Ẹ̀kọ́ nípa èdè àti àwùjọ kò gbọdọ̀ fojú fo irú agbo ilé yìí. Ta ni ó ń sọ kí ni, sí ta ni, nígbà wo, nítorí kí ni? Àwọn ìbéèrè tí ìmọ̀ náà dúró lé lórí nìyẹn. Bí àkójọ-ọ̀rọ̀ kò bá lè dáhùn wọn, a jẹ́ pé kíkà ni ó kàn lè kà, kò lè ṣàlàyé.

2. Ohun tí ó wà nínú àkójọ

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó wà nílẹ̀. Ní 2019, wọ́n gbé JW300 jáde. Èdè tí ó wà nínú rẹ̀ lé ní 300, Yorùbá sì jẹ́ ọ̀kan. Ìwé àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà ni gbogbo rẹ̀. Ní 2021, MENYO-20k jáde, pẹ̀lú gbólóhùn 20,100 ní Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá. Àwọn tí wọ́n ṣe é mọ̀ọ́mọ̀ wá oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ ni: ìròyìn, àsọyé TED, ọ̀rọ̀ inú fíìmù, ọ̀rọ̀ orí rédíò, àti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ní 2022, NaijaSenti kó ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn kọ sórí Twitter jọ ní Haúsá, Ígbò, Pijin àti Yorùbá, àmúlùmálà èdè sì wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ takuntakun ni gbogbo wọn, a kò sì lè ṣàìkí àwọn tí wọ́n ṣe wọ́n.

Ìwádìí kan tí Jesujoba Alabi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2020 lórí Yorùbá àti Twi yẹ fún àkíyèsí pàtàkì. Wọ́n fi àkójọ rẹpẹtẹ tí ẹnikẹ́ni kò ṣà wé èyí tí wọ́n fi ọwọ́ ṣà. Èyí tí wọ́n ṣà ni ó ṣiṣẹ́ dára jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ó kéré. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí jẹ́ fún àwọn tí wọ́n rò pé ọ̀pọ̀ nìkan ti tó. Síbẹ̀, ìwé ẹ̀sìn kó ipa ńlá nínú èyí tí wọ́n ṣà náà, Bíbélì àti JW300 sì wà lára wọn. Ohun tí ó mọ́ kò dédé di ohun tí ó dúró fún gbogbo àwùjọ.

3. Ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ àti ìbọ̀wọ̀

A ó fi àpẹẹrẹ kan hàn bí ewu náà ti tó. Kò sí olùkọ́ Yorùbá tí kò mọ̀ pé ní Yorùbá àjùmọ̀lò, a kì í sọ “o” tàbí “ìwọ” sí àgbà. “Ẹ” tàbí “ẹ̀yin” ni a ń sọ. Bí onímọ̀ kan bá fẹ́ mọ bí ìbọ̀wọ̀ ti ń yí padà láwùjọ, ohun tí yóò kọ́kọ́ sá sí ni pé kí ó ka “o” àti “ẹ”.

Bíbélì Yorùbá tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tí odindi rẹ̀ parí ní àwọn ọdún 1880, tẹ̀ lé ẹyọ àti ọ̀pọ̀ bí ó ti wà nínú èdè tí wọ́n túmọ̀. Nítorí náà, “ìwọ” ni Dáníẹ́lì fi ń bá ọba Bábílónì sọ̀rọ̀, “ìwọ” náà ni ènìyàn sì fi ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá ka arọ́pò-orúkọ nínú àkójọ tí irú ìwé yìí pọ̀ nínú rẹ̀ yóò rò pé Yorùbá a máa pe ọba ní “ìwọ” láìbìkítà. Ẹnikẹ́ni tí ó bá dán an wò ní ààfin èyíkéyìí yóò rí èsì rẹ̀ gbà lójú ẹsẹ̀!

Òdìkejì rẹ̀ náà wà. “Wọ́n” lè jẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó sì lè jẹ́ bàbá kan ṣoṣo tí a ń bọ̀wọ̀ fún. Nínú “Bàbá ti dé, wọ́n ní kí o wá”, kọ̀ǹpútà tí ń kà kò mọ̀ pé ẹnì kan ni ó dé. Kí a tún wá bọ́ sórí ẹ̀ka-èdè: Abíọ́dún Adétugbọ́ ti fi hàn nínú iṣẹ́ rẹ̀ ní 1967 pé ní àwọn ẹ̀ka-èdè Gúúsù-Ìlà-Oòrùn, tí Ìlàjẹ wà lára wọn, arọ́pò-orúkọ ẹnì kejì ọ̀pọ̀ àti ti ẹnì kẹta ọ̀pọ̀ ti di ọ̀kan náà. Bí a bá gbé òṣùwọ̀n tí a fi Yorùbá àjùmọ̀lò ṣe lọ sí etí omi Bàrígà, ohun tí kò sí ni yóò máa kà fún wa, ohun tí ó wà yóò sì máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

4. Àmì ohùn

Ìṣòro kejì ni ti àmì ohùn. Púpọ̀ nínú ohun tí a ń kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì ni kò ní àmì ohùn, òmíràn kò tilẹ̀ ní àmì ìdí ọ̀rọ̀. Bí a bá wá “owo” nínú irú àkójọ bẹ́ẹ̀, owó, òwò, ọwọ́, ọ̀wọ̀ àti ọwọ̀ ni yóò dà pọ̀ wá bá wa. Ẹni tí ó ń wádìí ọ̀rọ̀ ajé àwọn ẹlẹ́ja Ìlàjẹ lè fi ọwọ́ àti ìgbálẹ̀ kún iye owó wọn. Ẹ̀rọ tí ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n láti inú ìwé Yorùbá àjùmọ̀lò ni ó ti kọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, ohùn àjùmọ̀lò ni yóò fi sí ẹnu gbogbo ènìyàn. Àwa tí a ń gba máàkì lọ́wọ́ ọmọ nítorí àmì ohùn kò gbọdọ̀ gba àkójọ tí kò ní àmì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí.

5. Iṣẹ́ Yorùlect

Iṣẹ́ tí ó súnmọ́ ọ̀rọ̀ wa jù ni Yorùlect, tí Orevaoghene Ahia àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2024. Wọ́n kó ọ̀rọ̀ kíkọ àti ohùn jọ ní Yorùbá àjùmọ̀lò, Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ìlàjẹ, wọ́n sì rin ìrìn-àjò lọ bá àwọn tí wọ́n ni ẹ̀ka-èdè náà. Wọ́n fi hàn gbangba pé ẹ̀rọ tí ó mọ Yorùbá àjùmọ̀lò a máa kọsẹ̀ nígbà tí ó bá kan ẹ̀ka-èdè, àti pé bí a bá fi ẹ̀ka-èdè kọ́ ọ, ìkọsẹ̀ náà a máa dínkù. Ohun ìwúrí ni pé Ìlàjẹ, tí ọ̀pọ̀ ìwé gírámà kì í dárúkọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, wọ inú irú iṣẹ́ yìí.

Ṣùgbọ́n a ní láti bi í ní ìbéèrè wa. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, ìròyìn àti àsọyé TED ni ó wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni ó sì wà ní ẹ̀ka-èdè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èyí dára púpọ̀ fún ẹni tí ó fẹ́ fi ẹ̀ka-èdè kan wé èkejì, nítorí ìtumọ̀ kò yí padà. Kò tó fún ẹni tí ó fẹ́ mọ àwùjọ. Ìlàjẹ tí a fi sọ ìròyìn ayé kì í ṣe Ìlàjẹ tí ìyá ẹlẹ́ja fi ń ná ọjà nígbà tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀, kì í ṣe èyí tí bàbá fi ń bá ọmọ wí, kì í sì í ṣe èyí tí ọ̀dọ́ Bàrígà ń fi àmúlùmálà dá àpárá. Àwọn olùṣe iṣẹ́ náà kò ṣèlérí ìyẹn. Àwa tí a fẹ́ lò ó ni kí a má ṣe gbé e ju agbára rẹ̀ lọ. Ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀fà ju òje lọ.

6. Ọ̀nà tí a rò pé ó yẹ

Ọ̀nà kan ò wọjà. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe British National Corpus, tí wọ́n parí ní 1994, nǹkan bí mílíọ̀nù 100 ọ̀rọ̀ ni wọ́n kó jọ, mílíọ̀nù 10 nínú rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu. Láti rí apá kan nínú ọ̀rọ̀ ẹnu náà, wọ́n yan ènìyàn 124, tọkùnrin tobìnrin, tọmọdé tàgbà, láti agbègbè àti ipò oríṣiríṣi. Àwọn wọ̀nyí gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ dání níbi ìfọ̀rọ̀wérọ̀ wọn ojoojúmọ́. Kì í ṣe bí ọ̀rọ̀ ti pọ̀ tó ni a fẹ́ kí ẹ rí kọ́ níbẹ̀, bí kò ṣe pé wọ́n kọ́kọ́ bi ara wọn léèrè irú ènìyàn tí ó wà láwùjọ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọ̀rọ̀ jọ.

Olùkọ́ kan ní Bàrígà lè ṣe kékeré nínú irú iṣẹ́ yìí. Kí ó gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tí yóò gba ohùn wọn. Kí ó kọ ọjọ́ orí wọn, ibi tí wọ́n ti dàgbà, iṣẹ́ wọn, ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ àti ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wáyé sílẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó fi orúkọ wọn pamọ́. Kí ó kọ ohun tí ó gbọ́, kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí wọ́n sọ. Bí ìyá àgbà bá pe ilé ní “ulé”, “ulé” ni kí ó kọ. Yorùbá àjùmọ̀lò kì í fi “u” bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n Ìlàjẹ a máa fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, orúkọ ìlú Ùgbò sì jẹ́ ẹ̀rí. Ẹni tí ó bá tún un kọ sí “ilé” ti pa ẹ̀rí run.

Nǹkan kíkọ náà kò jìnnà. Ṣómólú ni ojúkò àwọn atẹ̀wé ní Èkó. Kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́, ìwé ìpè ìyàwó, ìwé ètò ìsìnkú àti pósítà ń jáde níbẹ̀ láìdáwọ́ dúró. Inú wọn ni a ti lè rí bí Èkó ti ń lo oyè, bí ó ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì lú Yorùbá, àti ibi tí ó ti ń fi àmì ohùn sílẹ̀. A kò rí irú wọn nínú àkójọ tí a mẹ́nu bà lókè, àfọ̀pá ni wọ́n sì sábà máa ń gbẹ̀yìn di.

Ó ku ti ìdánwò. A kò sọ pé kí a fi òfin Yorùbá àjùmọ̀lò sílẹ̀. Òun ni a fi ń kọ́ni, òun náà ni a fi ń dánni wò. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni àṣìṣe, ọ̀tọ̀ ni ẹ̀ka-èdè. Ọmọ tí ó kọ “ulé” nínú àròkọ kò ṣe ohun kan náà pẹ̀lú ọmọ tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín “owó” àti “ọwọ́”. Èkínní mọ èdè kan dáadáa, ó kàn lò ó níbi tí a kò ti béèrè rẹ̀ ni. Èkejì ni kò tí ì mọ èyí tí a ń kọ́ ọ. Àkójọ-ọ̀rọ̀ tí ó ka ọ̀rọ̀ láìmọ ẹni tí ó sọ ọ́ yóò kó àwọn méjèèjì sínú àpò àṣìṣe kan náà. Olùyẹ̀wò tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, olùkọ́ tí ó sì mọ ibi tí “ulé” ti wá yóò lè fi ọ̀nà “ilé” han ọmọ náà láìsọ fún un pé ìyá rẹ̀ àgbà kò gbọ́ Yorùbá.

Ní àkótán, a fara mọ́ àkójọ-ọ̀rọ̀ ńlá, a sì fẹ́ kí ó pọ̀ sí i. Ohun tí a ń béèrè ni pé kí ẹnikẹ́ni tí ó bá gbé iye kan kalẹ̀ níwájú wa kọ́kọ́ sọ ẹni tí ó sọ ọ̀rọ̀ náà, ẹni tí wọ́n sọ ọ́ sí, àti ohun tí olóòtú yọ kúrò nínú rẹ̀. Bí kò bá lè sọ ọ́, kí a gba iye náà gẹ́gẹ́ bí ìròyìn nípa ìwé, kí a má sì fi dá ẹjọ́ ẹnikẹ́ni tí ń sọ Yorùbá.