Ojú Wọn Jọra Jù, Aṣọ Wọn Ló Ń Sọ̀rọ̀

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ fún wa pé obìnrin ni ọ̀tá obìnrin. Bí ẹ bá dé ilé-àwòrán tí Màmá Níkẹ̀ẹ́ Davies-Okundaye ṣí sí Lẹ́kí ní 2009, ẹ ó rí i pé Màmá kò gba ọ̀rọ̀ yẹn wọlé rárá. Kò wọ́pọ̀ kí obìnrin dá dúró nínú àwòrán wọn. Ẹ ó rí mẹ́ta, ẹ ó rí mẹ́fà, gèlè ń kan gèlè, wọ́n jọ ń ná ọjà, wọ́n jọ ń jó.

Ó dára. Ṣùgbọ́n èmi tí mò ń gbé Ìyànà Ìpájà, mo ní ẹjọ́ kan í rò. Ojú àwọn obìnrin náà jọra jù, ó sì tutù jù. Kò sí ẹni tó làágùn, kò sí ẹni tínú ń bí. Àbí irú èyí ni àwọn tó ń tajà lábẹ́ bíríjì wa? Ìyá aláta á bú ìyá onítòmátì láàárọ̀ nítorí ààyè tí kò ju ẹsẹ̀ méjì lọ. Tó bá dọ̀sán, tí ìyá onítòmátì sáré lọ mú ọmọ nílé-ìwé, ìyá aláta yẹn náà ni yóò bá a tajà, tí yóò ka owó rẹ̀ fún un láìyọ kọ́bọ̀. Ìfẹ́ tó ní ìjà nínú nìyẹn.

Màmá kúkú mọ̀ ọ́n. Ògìdì-Ìjùmú ni wọ́n ti bí wọn ní 1951, ìyá wọn sì tètè kú. Ní Òṣogbo, wọ́n di ọ̀kan nínú ọ̀pọ̀ ìyàwó olóògbé Twins Seven Seven, gbajúmọ̀ ayàwòrán. Ta ni yóò kọ́ ẹni tó ti gbé ilé olórogún rí ní ìjà obìnrin? Ní 1983, wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tiwọn sílẹ̀ ní Òṣogbo.

Ibi tí Màmá ti wá borí ni aṣọ. Ẹ sún mọ́ ọn, ẹ wò ó dáadáa: iṣẹ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ ló kún ara ìró àti gèlè fọ́fọ́. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ kì í sábà jẹ́ iṣẹ́ ẹnì kan. Ní Abẹ́òkúta àtijọ́, aládìrẹ á fi ìyẹ́ adìẹ kọ ẹ̀kọ láfún sára aṣọ, á wá gbé e fún aláró. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró kò ní mú un. Ta ló kọ́kọ́ ya Ìbàdàndùn? Kò sẹ́ni tó kọ orúkọ sí i; obìnrin ń gbà á lọ́wọ́ obìnrin ni. Ibẹ̀ gan-an ni ẹgbẹ́ obìnrin wà nínú àwòrán wọ̀nyí, kò sí nínú ojú tó tutù. Ẹni tó bá rà á tìtorí gèlè ńlá, tó fi kọ́ pálọ̀, lè má rí i láé.

Bí ẹ bá rí Màmá, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n ya aláta kan fún wa, kó fajú ro, kó máa ka owó onítòmátì.