Àwòrán Tí Ó Kó Wáyà Jankara Lọ

Òtítọ́ dé ọjà ó kù tà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Òwe yìí ni ó sọ sí mi lọ́kàn nígbà tí mo dúró níwájú àwòrán kan níbi àfihàn iṣẹ́ ọnà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láìpẹ́ yìí. "Jankara ní Òwúrọ̀" ni ẹni tí ó yà á pè é. Àwòrán náà wu ojú, n kò ní í purọ́ mọ́ ọn. Oòrùn pọ́n bí pupa ẹyin, obìnrin kan ru igbá, òjìji rẹ̀ sì gùn gbọọrọ lórí ilẹ̀ tí ó mọ́ bí ẹni pé òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ọ́. Òun ni ó gba ẹ̀bùn kìíní. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń wò ó ni ọkàn mi ń kọminú, nítorí pé mo mọ ojú ọ̀run Ìsàlẹ̀ Èkó: wáyà iná ni ó ta bò ó bí òwú aláǹtakùn. Nínú àwòrán yìí, n kò rí wáyà kan ṣoṣo.

Mo fi fóònù ya àwòrán náà, mo sì mú un tọ màmá kan lọ tí ó ti pẹ́ nídìí ìlẹ̀kẹ̀ títà ní Jankara. Lẹ́yìn tí mo kí wọn tán, mo ní kí wọ́n bá mi wo ibi tí ó jẹ́. Màmá gbé e súnmọ́ ojú, wọ́n tún gbé e jìnnà.

"Wọ́n ní Jankara ni, mà."

"Jankara wo? Ta ló kó wáyà wa lọ?" Wọ́n tún un wò. "Oòrùn wà lápá ọ̀tún, òjìji obìnrin yìí náà wà lápá ọ̀tún. Ọmọ mi, ṣé oòrùn méjì lẹ ní ní yunifásítì yín ni?"

Èmi tí mo ti wo àwòrán náà fún bí ìdajì wákàtí kò rí èyí. Ẹni tí ó ti ń gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ tẹ̀lé ibòòji láti àárọ̀ di alẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ó rí i. Ó hàn gbangba pé ibòmíràn ni ayàwòrán wa ti lọ mú oòrùn wá, tí ó fi kọ̀ǹpútà lẹ̀ ẹ́ mọ́ Jankara.

Àwọn kan yóò sọ pé kọ̀ǹpútà ni ó ba iṣẹ́ fọ́tò jẹ́. N kò gbà. Láti ayé àwọn bíi Neils Walwin Holm, tí ó wá ṣiṣẹ́ fọ́tò ní Èkó ní 1896, ni ọwọ́ ènìyàn ti ń wọ inú iṣẹ́ yìí. Àwọn onífọ́tò àtijọ́ a máa ta aṣọ tí wọ́n ya àwòrán sí sẹ́yìn oníbàárà, wọn a sì máa fi pẹ́ńsù pa àpá ojú rẹ́ lára fíìmù. Èyí tí ó ya ni lẹ́nu jù ni ti ìbejì. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà, kọ nípa rẹ̀ ní 1978 lẹ́yìn tí ó ti wo iṣẹ́ àwọn onífọ́tò ní Ìlá Ọ̀ràngún. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí a tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, wọn a gbé èyí tí ó kù wá sọ́dọ̀ onífọ́tò. Onífọ́tò a yà á, a sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan náà, tí yóò fi dà bí ẹni pé àwọn méjèèjì jókòó ti ara wọn. Bí ó bá jẹ́ ọkùnrin kan, obìnrin kan, wọn a wọ aṣọ ọkùnrin fún èyí tí ó wà láàyè, wọn a yà á. Wọn a tún wọ aṣọ obìnrin fún un, wọn a tún yà á. Onífọ́tò a sì sa gbogbo agbára rẹ̀ kí ojú ìsopọ̀ má baà hàn.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí. Ọmọ tí kò jókòó rí níwájú kámẹ́rà ni ó jókòó yìí. Irọ́ ha ni bí? Ta ni wọ́n fẹ́ fi tàn jẹ? Ìyá mọ èyí tí ó sin, ará ilé mọ̀, onífọ́tò pàápàá mọ̀. Ohun tí fọ́tò náà ń wí ni pé, "Méjì ni mo bí," méjì ni ó sì bí ní tòótọ́. Iṣẹ́ ère ìbejì ni ó ń ṣe, kò sì sí ẹni tí í bá ère ìbejì jà pé kò jọ ọmọ ọwọ́. Robert Farris Thompson, tí ó bi àwọn àgbà léèrè ohun tí wọ́n fi ń mọ ère tí ó dára, kọ ọ́ ní 1973 pé wọ́n fẹ́ kí ère jọ ènìyàn, ṣùgbọ́n kí ó má jọ ọ́ jù.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Uche Okpa-Iroha, tí ó fi ara rẹ̀ sí àárín àwọn òṣèré The Godfather nínú iṣẹ́ rẹ̀ tí ó pè ní The Plantation Boy. Ẹni tí ó bá mọ fíìmù náà mọ̀ pé àlejò ni ó wọlé. Ìwọlé yẹn gan-an ni adùn iṣẹ́ náà. Boris Eldagsen, ọmọ Jámánì, fi àwòrán tí ó fi ọgbọ́n àtọwọ́dá ṣe du ẹ̀bùn Sony World Photography Awards ní 2023. Nígbà tí wọ́n fún un, ó kọ̀ ọ́, ó sì sọ ìdí rẹ̀ ní gbangba. Ayàwòrán tiwa gba ẹ̀bùn tirẹ̀, ó sì dákẹ́.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí mo bá sọ̀rọ̀ náà ní kí n wo J. D. 'Okhai Ojeikere, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí ya irun àwọn obìnrin ní 1968. Ó ní òun náà kó ìgboro kúrò lẹ́yìn orí wọn, ó sì kó àwọ̀ kúrò lára wọn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò wo fọ́tò dúdú-àti-funfun tí yóò rò pé ayé kò ní àwọ̀. Ohun tí ó ṣe ìlérí rẹ̀ ni irun, irun náà ni ó sì fún wa, bí wọ́n ti dì í.

Ìlérí "Jankara ní Òwúrọ̀" ńkọ́? Orúkọ ibi kan àti àsìkò kan ni ó dá. Ó ń wí pé, "Mo wà níbẹ̀, mo rí i." Kò rí i. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe eré. Ẹ wo Ẹ̀yọ̀: gbogbo wọn ni ó wọ funfun, àkẹtẹ̀ ni a fi ń mọ̀ wọ́n. Dúdú ni ti Àdìmú, pupa ni ti Làbà, àwọ̀ ìyeyè ni ti Oníkò, àwọ̀ ewé ni ti Ológèdè, elésèé àlùkò ni ti Àgẹ́rẹ́. Mo ti rí àwòrán Ẹ̀yọ̀ kan tí wọ́n ti fi kọ̀ǹpútà po àwọ̀ rẹ̀ kí ó lè dùn ún wò, tí Oníkò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di Làbà. Ẹni tí ó pò ó rò pé ẹwà ni òun ń bù kún un.

Ní 1955 ni LEDB bẹ̀rẹ̀ sí wó ilé ní àárín Èkó, tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ sí Sùúrùlérè. Ìjọba ní àdúgbò ìdọ̀tí ni. Àwọn tí ó ń gbé ibẹ̀ ní ilé baba àwọn ni. Bí àwọn onífọ́tò ìgbà náà bá ti gbá gbogbo ilẹ̀ mọ́ nínú àwòrán wọn, kí ni àwa ọmọ ìsinsìnyí ìbá fi dá ẹjọ́ náà? Wáyà tí ó lọ́ mọ́ra wọn ní Jankara jẹ́ ẹ̀rí pé ẹnì kan kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Màmá onílẹ̀kẹ̀ mọ èyí jù mí lọ. Nígbà tí mo fẹ́ gba fóònù mi, wọ́n ní kí n fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí ọmọ wọn ní Lọ́ńdọ̀nù: "Yóò rò pé ìjọba ti bá wa tún un ṣe."

Ìbá ṣe èmi ni wọ́n fi ṣe adájọ́, n kì bá tí lé àwòrán náà jáde. N ìbá ní kí ó gba orúkọ mìíràn, kí a kọ ohun tí a fi kún un àti ohun tí a yọ sábẹ́ rẹ̀, kí ó sì lọ bá àwọn iṣẹ́ àfinúrò du ipò. Níbẹ̀ náà, n kò rò pé ó lè gba ipò kìíní. Onífọ́tò Ìlá tí kò ní kọ̀ǹpútà mọ bí a ti ń bo ojú ìsopọ̀. Tiwa ní gbogbo ẹ̀rọ lọ́wọ́, kò sì rántí yí òjìji padà.