Ẹ̀jẹ̀ Lẹ́nu Obìnrin

Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ni ó pa ọmọ náà jẹ? Òwe tí ó wọni létí ni, ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ni a sì ti fi í dá. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ojú lámèyítọ́ wò ó, a ó rí i pé ẹni tí ó gbọ́ igbe náà kò yọjú, ìyá tí wọ́n nawọ́ sí kò sì rí àyè fọhùn kí ìdájọ́ tó bá a. Ọ̀nà yìí gan-an ni àwọn tí ń pìtàn obìnrin amùjẹ̀ ń tọ̀, ìbáà ṣe òyìnbó, ìbáà ṣe ọmọ Yorùbá: wọn a fi ẹ̀jẹ̀ sí obìnrin lẹ́nu, wọn a sì gba ọ̀rọ̀ kúrò níbẹ̀.

Ẹ wo Dracula, ìwé tí Bram Stoker kọ ní 1897. Lucy, ọmọge tí ọkùnrin mẹ́ta fi ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó lọ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà nígbà tí ó wà láàyè. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ó ti di òkú tí ń rìn lóru, tí ń mu ẹ̀jẹ̀ ọmọ wẹ́wẹ́, a kò rí ìlà kan láti ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Àwọn ọkùnrin ni wọ́n ń ròyìn rẹ̀, àwọn náà ni wọ́n pé yí pósí rẹ̀ ká, tí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ sì kan igi ṣóńṣó mọ́ ọn láyà. Ohun tí ó ká mi lára jù ni pé lẹ́yìn èyí ni òǹkọ̀wé wá ní ojú rẹ̀ tún tutù, ó tún dára, àfi bí ẹni pé ikú ni ó sọ ọ́ di ọmọlúàbí.

Kí a má sì rò pé ọ̀ràn òyìnbó nìkan ni. D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, àgbà ọ̀jẹ̀ tí gbogbo wa ń júbà fún, fi ìyá Àkàrà-ògùn, ọdẹ tí ń sọ ìtàn náà, ṣe paraku àjẹ́ nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ní 1938. Ìjà orogún ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: bàbá gbọ́ ẹjọ́, ó dá ìyá lẹ́bi, ìyá sì fi ikú àwọn orogún àti àwọn ọmọ wọn gbẹ̀san. Nígbà tí bàbá yìnbọn fún àgbọ̀nrín kan, tí ó tọ ipa ẹ̀jẹ̀ dé ilé ara rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ni ó bá nílẹ̀, tí apá kan ara rẹ̀ jẹ́ ènìyàn, tí apá kan jẹ́ ẹranko. Bàbá ni ó mọ ìtàn náà, ọmọkùnrin rẹ̀ ni ó sọ ọ́, ọkùnrin kẹta ni ó kọ ọ́ sílẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ̀bi wo ni bàbá rí lára ìyá ní ọjọ́ ìjà náà? Èmi ìbá fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá fúnra rẹ̀.

Ẹni tí ó bá ní àlọ́ lásán ni gbogbo èyí, kí ó rántí Àtíńgà, ẹgbẹ́ tí ń wá àjẹ́ kiri. Láti Gold Coast ni wọ́n ti gbé e gba Dahomey wọ ilẹ̀ Ẹ̀gbádò, aládùúgbò àwa Ẹ̀gbá ọmọ Líṣàbí, ní 1950 sí 1951. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin a jó, wọn a nawọ́ sí ìyá àgbàlagbà. Bí ó bá sẹ́, wọn a dúńbú adìẹ, bí adìẹ náà bá sì ṣe ṣubú kú ni wọn ó fi mọ̀ bóyá ó jàre. Ìjọba ni ó fòfin dè wọ́n ní 1951. Ẹ kíyè sí àsìkò náà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1949 ni Aláké ilẹ̀ Ẹ̀gbá, Adémọ́lá Kejì, kúrò lórí oyè fún ìgbà díẹ̀, nítorí àwọn obìnrin tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì kó jọ ní kò sí owó orí mọ́. N kò sọ pé ọ̀kan ni ó bí èkejì. Ṣùgbọ́n mo mọ irú obìnrin tí ẹnu ayé máa ń kọ́kọ́ bà: ìyá aládìrẹ ní Ìtòkú, tí aró ti pa ọwọ́ rẹ̀ dúdú, opó tí ó kọ̀ láti ṣe ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀, tí ó fi owó ara rẹ̀ kọ́lé. Bí ọmọ orogún rẹ̀ bá fi orí fífọ́ lásán sùn, wọn a ní ọjà tí ń tà fún un kì í ṣe lásán.

Ìdí nìyí tí mo fi ń gbé Amos Tutùọlá gẹ̀gẹ̀, ọmọ Abẹ́òkúta tí a bí ní 1920. Nínú The Witch-Herbalist of the Remote Town, tí ó jáde ní 1981, ọkùnrin kan tí aya rẹ̀ yàgàn la ìgbẹ́ la ijù lọ bá àjẹ́ kan tí í ṣe adáhunṣe. Ìyá náà fún un ní ọbẹ̀ ìrọ́mọbí; ebi pa á lọ́nà, ó tọ́ ọ wò, oyún sì dúró sí òun fúnra rẹ̀ nínú. Àjẹ́ tí ń fúnni lọ́mọ, tí ọkùnrin sì ń fi ikùn ara rẹ̀ ru àjàgà obìnrin: èyí ni ẹnikẹ́ni kò gbà kí Lucy tàbí ìyá Àkàrà-ògùn jẹ́. Síbẹ̀ ọkọ náà ni ó ṣì ń pìtàn. Ìyàwó dúró sílé, òǹkọ̀wé kò sì jẹ́ kí a gbọ́ ohun tí ojú rẹ̀ rí láàárín àwọn aráalé ní gbogbo ìgbà tí ọkọ fi rìn.