Àlìkámà Tó Di ‘Wá’: Lámèyítọ́ Lórí Àmì 來

Kò ṣòro fún ẹni tó ń kọ́ èdè Ṣáínà láti wo àmì 來 kó sì hun ìtàn lé e lórí. Lái ni wọ́n ń pè é ní Mandarin, ohùn rẹ̀ ń gòkè lọ, ‘wá’ ló sì túmọ̀ sí. Àmì ‘igi’, 木, hàn láàárín rẹ̀. Àmì ‘èèyàn’, 人, hàn lọ́tùn-ún àti lósì. Èèyàn méjì ń wá sábẹ́ igi, ó parí. Ìtàn náà kò ṣòro rántí, ṣùgbọ́n irọ́ ni. Kò sí igi níbẹ̀, kò sì sí èèyàn. Àlìkámà ni.

Abẹ́ ilẹ̀ Anyang ní ẹkùn Henan ni ẹ̀rí ti jáde. Ibẹ̀ ni àwọn ọba Shang tẹ̀dó sí ní ìgbẹ̀yìn ìjọba wọn, nǹkan bí 1250 sí 1046 ṣáájú ìbí Kristi. Bí ọba bá fẹ́ mọ̀ bóyá òjò yóò rọ̀ tàbí ọ̀tá yóò dé, àwọn aláyẹ̀wò a dá ihò sẹ́yìn eegun èjìká màlúù tàbí igbá àyà ahun, wọ́n a fi iná sí i, wọ́n a sì wo bó ṣe sán. Wọ́n a wá fín ìbéèrè náà sára eegun. Ọdún 1899 ni ọ̀mọ̀wé Wang Yirong dá a mọ̀ pé ìkọ̀wé ayé àtijọ́ ni. Kó tó dìgbà náà, eegun dírágónì ni wọ́n ń pè é, wọ́n ń lọ̀ ọ́ ṣe oògùn. Lára àwọn eegun yìí, 來 kò fara pamọ́ rárá: pòròpórò kan dúró gbọnrangandan, ewé rẹ̀ tẹ̀ sílẹ̀ lápá méjèèjì, gbòǹgbò rẹ̀ sì ya nísàlẹ̀. Síbẹ̀, nígbà yẹn gan-an, ‘wá’ ni àwọn aláyẹ̀wò fi ń kọ, tàbí ‘ọjọ́ báyìí tó ń bọ̀’.

Báwo ni ohun ọ̀gbìn ṣe di ọ̀rọ̀-ìṣe? Xu Shen parí ìwé rẹ̀, Shuowen Jiezi, ní ọdún 100 lẹ́yìn ìbí Kristi, ó sì tú àmì 9,353 palẹ̀ nínú rẹ̀. Àlàyé tirẹ̀ ni pé 來 ni àlìkámà tí ọ̀run fi ta ìran ọba Zhou lọ́rẹ; nítorí pé ọ̀run ló ti wá, wọ́n fi àwòrán rẹ̀ kọ ‘wá’. Inú ilẹ̀ ni àwọn eegun Anyang wà ní gbogbo ọjọ́ ayé Xu Shen, síbẹ̀ ó mọ̀ pé àlìkámà ni. Mo ṣí fìlà fún un lórí ìyẹn. Ìdí tó sọ ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Nínú ìwé yìí kan náà ló ti ṣàlàyé ohun tó pè ní jiǎjiè, ‘yíyá’: ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì tirẹ̀ a yá àmì ọ̀rọ̀ mìíràn tí ìró wọn jọra. Ta ló lè ya ‘wá’? Àlìkámà ṣeé yà, ìró rẹ̀ sì sún mọ́ ti ‘wá’. Xu Shen ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, ó tún ń gbé ojú sókè ọ̀run.

Àmọ́ o, àlìkámà wá lóòótọ́. Kì í ṣe ọmọ bíbí ilẹ̀ Ṣáínà. Jéró ni àwọn àgbẹ̀ àríwá ibẹ̀ ń gbìn látilẹ̀wá. Ìwọ̀-oòrùn Éṣíà ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbin àlìkámà, àwọn awalẹ̀pìtàn sì ti rí hóró rẹ̀ ní Shandong tí ọjọ́ orí rẹ̀ lé ní 4,000 ọdún. Èyí kò sọ àlàyé Xu Shen di òtítọ́. Àmì kò mọ ibi tí irúgbìn ti wá. Ìró ni ó ń yá.

Nígbà tí ‘wá’ ti gba àwòrán yìí, 麥 ni àlìkámà ń jẹ́, mài, ohùn rẹ̀ ń já wálẹ̀. 來 náà ló wà lókè. Ohun tó jọ ẹsẹ̀ tó kọjú sísàlẹ̀ ló wà lábẹ́ rẹ̀. Níbí ni àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń fà á mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ la fi ń wá, kí ló ń wá lábẹ́ ohun ọ̀gbìn? Àwọn kan ní 麥 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún ‘wá’, kí àwọn méjèèjì tó gba ipò ara wọn. Àwọn mìíràn ní gbòǹgbò ni, kì í ṣe ẹsẹ̀. Ohun tó dá mi lójú ni pé 麥 ti ń jẹ́ àlìkámà lórí eegun Anyang. Bí pàṣípààrọ̀ bá wáyé rárá, ó ti wáyé ṣáájú ìgbà náà.

Etí òde òní kò lè gbọ́ bí ìbẹ̀rẹ̀ lái àti mài ṣe jọra tẹ́lẹ̀. William Baxter àti Laurent Sagart, nínú ìwé tí wọ́n ṣe ní 2014 lórí Ṣáínà àtijọ́, fi m àti r síbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ méjèèjì. Nínú ọ̀kan, r di l. Nínú èkejì, m nìkan ló kù. Wọ́n tún fi k sí ìparí, èyí tó ṣì wà lẹ́nu àwọn aládùúgbò: mak ni àwọn tó ń sọ Cantonese ń pe 麥, maek ni ti Kòríà, baku ni ti Jàpáànù.

Ní Jàpáànù, níbi tí wọ́n ti gé 來 kù sí ìlà méje, 来, ọ̀rọ̀ rẹ̀ díjú ju ti ibikíbi lọ. Rai ni ìró tí wọ́n gbà lọ́wọ́ Ṣáínà. Ṣùgbọ́n wọ́n tún fi kọ ọ̀rọ̀ tiwọn: kuru ni ‘wá’, kimasu ni ‘wá’ tí a fi ọ̀wọ̀ sọ, konai ni ‘kò wá’. Àmì kan ṣoṣo ni a ń kà ní ku, ki àti ko. Lẹ́tà tó tẹ̀lé e ló ń sọ fún òǹkàwé èyí tí yóò pè.

Yíyá náà kò sì tíì dúró. Nígbà tí McDonald's ṣílé oúnjẹ ní Hong Kong ní 1975, 麥當勞 ni wọ́n ń jẹ́, nítorí ìró mak. Máìkì tí a fi ń sọ̀rọ̀ di 麥克風, màikèfēng, wọ́n sì ti gé e kúrú sí 麥, mài. Níbi ìpàdé orí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ni wọ́n máa ń sọ fún pé kó kāi mài, 開麥, kó ‘ṣí àlìkámà’ rẹ̀, kí àwọn yòókù lè gbọ́ ohùn rẹ̀.